Bébà Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọjọ́ tí ètò adójútòfò ìlera àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì yí padà,
fóònù Yèyé mi dún lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí awò ojú rẹ̀.
Ó ní, "Ta ni?" Wọ́n ní, "Ìjọba ni, Mà."
Ó ní ìjọba kì í pe òun,
àfi bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti kú.

Wọ́n ní ẹ̀rọ kan ń bọ̀ wá sílé, ọ̀fẹ́ ni,
ẹ̀rọ tí í ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀.
Kí ẹ ṣáà fọwọ́ síwèé tuntun.
Yèyé mi, tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ìṣirò l'Ókè-Àró,
ní, "Ẹ yọ 'ọ̀fẹ́' kúrò nínú gbólóhùn yẹn, kí ló ṣẹ́kù?"
Ẹni tó pè rẹ́rìn-ín. Kò dáhùn.

Ọ̀kadà gbé e dé lọ́jọ́ Ẹtì,
páálí funfun tí kò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ:
abẹ́rẹ́ wínníwínní, ẹ̀rọ bí ọmọ fóònù,
àti ìgò kan, bébà tín-ín-rín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú rẹ̀.
Bébà kan, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ó tán.
Kò ṣe é fọ̀, kò ṣe é sá sóòrùn.

Ó kọ́kọ́ wọn tirẹ̀ kó tó fẹnu kan iyán.
Àádóje. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìròyìn kì í wọ bàtà ládùúgbò wa.
Bàbá Fálúyì tó ń tún rédíò ṣe na ìka wọlé láti ojú fèrèsé.
Ìyá Ọlọ́fínjanà fa ọkọ rẹ̀ wá bí ẹni fa ewúrẹ́.
Géńdé kan tí a ò mọ̀ rí
ní òun kàn ń kọjá ni, òun gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni.
Mo bínú. Mo ní, "Yèyé, ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fi nǹkan yìí ránṣẹ́ sí?"
Ó ní, "Ìka tó ti nà, ṣé kí n bá a ká a ni?"

Mo gbé ìgò náà lọ sílé ìpòògùn lọ́nà Adéṣidà.
Ọmọbìnrin ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó dárúkọ iye kan.
Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Kò dín.
Ìgbà yẹn ni ìṣirò Yèyé mi tó yé mi:
wọ́n fún wa ní fìtílà, wọ́n ń ta epo.

Bébà kan ló kù nígbà tí akọ̀wé wọn dé,
Akínfọlárìn, ọmọ Òkè-Lísà l'Óǹdó.
Ó ní ètò tún ti yí padà, ká tún fọwọ́ sí i.
Ó bèèrè omi, ó mu ife mẹ́ta, ó tún bèèrè.
Ó tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ka ojú ewé kìíní tán.
Yèyé mi tẹjú mọ́ ọn
bó ṣe máa ń wo ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ àmúrelé.
"Ìwọ tó ń pín ẹ̀rọ kiri, ta ló wọn tìrẹ?"
Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rín inú fóònù ni.

Mo rí ọwọ́ Yèyé mi tó ń lọ síbi ìgò.
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. N kò sọ.
Ẹ̀kán kan. Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀:
ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì nìkan ló ń dún.

Ó ní, "Mà, àwa òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ò sí nínú ètò náà."
Yèyé mi fa gègé pupa yọ,
ó kọ iye náà sórí fáìlì ìjọba,
ó fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní kó lọ sí ọsibítù lọ́la, kó má jẹun kó tó lọ.

Ìgò náà ṣì wà lórí fìríìjì.
Yèyé mi ti da hóró ata sínú rẹ̀.